Tíṣà Ìlú Awakùsà: Enoch Mankayi Sontonga àti Orin Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ìjọ ní àkókò Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Àwọn tí wọ́n ru òkúta ìpìlẹ̀ ti lọ sí ìsinmi wọn, àwa tí a kò ru nǹkan kan ni a sì jókòó nínú ilé tí wọ́n kọ́. Ọlọ́run tí ó pa ilé náà mọ́ dé òní ni ọpẹ́ yẹ.

Iṣẹ́ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni láti sọ̀rọ̀ lórí ìgbésí ayé olùkọ́ kan tí ó jẹ́ olórin pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti lè máa retí pé a óò mú ọ̀kan nínú àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí a dúpẹ́ pé irú wọn kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n àwa yan ará ilẹ̀ òkèèrè kan, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tí ó kú ní ọmọ ọdún 32, tí kò sì tẹ ìwé kankan kí ó tó kú. Ìdí tí a fi yàn án kò ṣòro. Orin kan ṣoṣo tí ó fi sílẹ̀ ti di ti gbogbo ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ka sí ibojì rẹ̀. Ìjọ tí ó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní láti gbọ́ ìtàn yìí, kí ó sì wò ó bóyá irú rẹ̀ kò sí nínú ọgbà tirẹ̀.

A bí Enoch Mankayi Sontonga ní nǹkan bí ọdún 1873 ní ìlú Uitenhage, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Cape, ní Gúúsù Áfíríkà. Ọmọ Xhosa ni. Nígbà tí ó dàgbà tó, ó lọ sí Lovedale, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland ṣí ní 1841, ó sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ipò tí ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn baba wa, irú ipò bẹ́ẹ̀ ni Lovedale wà lọ́dọ̀ àwọn Xhosa: láti inú rẹ̀ ni àwọn tíṣà, àwọn àlùfáà àti àwọn òǹkọ̀wé wọn ti jáde. Ní ọdún 1896, èyí tí í ṣe ọdún náà gan-an tí a dá St. Andrew's sílẹ̀, a rán Sontonga lọ sí ilé-ìwé míṣọ́n Mẹ́tọ́díìsì ní Nancefield, lẹ́bàá ìlú Johannesburg. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà.

Ó yẹ kí a mọ irú ibi tí a rán an lọ. Ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú, ní 1886, ni a rí wúrà lórí òkè tí à ń pè ní Witwatersrand. Ibi tí ó jẹ́ pápá tí ẹran ń jẹ̀ rí, ìlú ńlá hù jáde níbẹ̀ bí olú tí òjò bá bọ́. Wúrà náà pọ̀, ṣùgbọ́n kò dùn ún kó. Inú òkúta líle ni ó fọ́n sí, òkúta náà sì rì lọ jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá fọ́ òkúta tọ́ọ̀nù kan, wúrà tí ó wà nínú rẹ̀ kì í tó áúńsì kan. Iye tí a sì ń ta wúrà ní gbogbo ayé wà lójú kan nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó lè dá owó lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó ni ibi ìwakùsà, tí ó sì ń fẹ́ èrè, ibi kan ni ó kọjú sí: ọ̀yà àwọn ènìyàn dúdú tí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò.

Nígbà tí ọdún 1899 fi dé, nǹkan bí 100,000 ọkùnrin adúláwọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ti ilẹ̀ Mozambique wá, wọ́n ti Basutoland wá, wọ́n ti ilẹ̀ Xhosa wá. Wọ́n fi aya àti ọmọ sílẹ̀ ní ilé, wọ́n sì ń sùn nínú ọgbà tí a mọ odi yí ká. Òfin tí a ṣe ní 1895 béèrè pé kí olúkúlùkù wọn ní ìwé ìrìnnà, kí ó sì so àmì onírin mọ́ apá, bí ẹni tí a fi àmì sí lára kí ó má baà sọnù. Ní 1896 àti 1897, àwọn oní-kùsà fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n gé ọ̀yà wọn kù. Àkókò náà gan-an ni àjàkálẹ̀ àrùn màlúù gba gbogbo gúúsù Áfíríkà já, tí ó pa agbo ẹran run. Ẹni tí màlúù rẹ̀ kú kò ní ohun tí yóò fi túlẹ̀, kò sì ní ohun tí yóò fi san owó orí ìyàwó. Kò sí ohun tí ó kù fún un ju kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó sì forí lé Johannesburg lọ wa wúrà tí kò ní jẹ́ tirẹ̀.

Ní àárín irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ yìí pàgọ́ sí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Ó ń wàásù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fi í joyè àlùfáà. Ó ń ya fọ́tò fún àwọn tí ó bá fẹ́. Ó sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ó jókòó níhìn-ín kò ní ṣàì mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun ni àwọn baba wa ń pè ní Tíṣà, tí wọn kò sì ní láti dárúkọ mìíràn kún un. Tíṣà ni ó ń lu agogo ní àárọ̀, Tíṣà ni ó ń kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, Tíṣà ni ó ń tẹ dùùrù ní ọjọ́ Ìsinmi, Tíṣà náà ni ó sì ń dúró ti aláìsàn bí Àlùfáà bá wà ní ìrìn àjò.

Sontonga ní ohùn dídára, ó sì ní ẹ̀bùn láti ṣe orin. Kò sí orin tuntun tó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ láti kọ ní èdè ara wọn, nítorí náà ó jókòó, ó ń ṣe é fún wọn. Sol-fa ni ó fi ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí àwọn akọrin wa pẹ̀lú ti mọ̀ dáadáa. Ìtàn sol-fa fúnra rẹ̀ dùn mọ́ni. Obìnrin kan, Sarah Glover, tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin ní ìlú Norwich, ni ó kọ́kọ́ lànà rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Curwen tí í ṣe àlùfáà sì mú un gbòòrò kí àwọn tálákà tí kò ní dùùrù lè kọ́ orin ní ohùn mẹ́rin. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e wọ Áfíríkà. Bébà pẹlẹbẹ kan àti lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé tó fún un. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lè di olórin. Inú ìwé àkọsílẹ̀ irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ni Sontonga ń kọ orin rẹ̀ sí, ó sì ní i lọ́kàn láti tẹ̀ wọ́n jáde ní ọjọ́ kan.

Ní ọdún 1897 ni ó ṣe orin tí a fi mọ orúkọ rẹ̀. Nkosi Sikelel' iAfrika ni wọ́n ń pè é ní èdè Xhosa, èyí tí í ṣe pé, Olúwa, bùkún fún Áfíríkà. Ẹsẹ kan àti ègbè rẹ̀ ni ó kọ. Ẹ kíyèsi ọdún náà, ẹ̀yin ará: ọdún tí a gé ọ̀yà ni, ọdún tí màlúù ń kú ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n D. D. T. Jabavu, ọmọ Xhosa bíi tirẹ̀, kọ̀wé lẹ́yìn náà pé ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì ni orin náà ti jáde, nítorí inú àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà yí Johannesburg ká kò dùn rárá ní ìgbà náà. Síbẹ̀, nínú orin náà kò sí èébú, kò sì sí ègún lórí ẹnikẹ́ni. Tíṣà náà rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn òbí àwọn ọmọ tí ó ń kọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọba tàbí ìjọba tí yóò ké pè. Ó sì gbé ẹjọ́ gbogbo Áfíríkà lọ sí ọ̀dọ̀ Ẹni tí kò sí adájọ́ lókè rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ orin kan ti tọ́ka sí i pé ohùn orin náà fi ara jọ Aberystwyth, ohùn tí a fi ń kọ orin Charles Wesley nípa Jésù tí í ṣe Olùfẹ́ ọkàn. Ẹni tí ó ṣe ohùn yẹn ni Joseph Parry, ará Wales, ọmọ ìlú Merthyr Tydfil tí a ti ń wa èédú tí a sì ń yọ́ irin. Òun náà wọ ibi ìwakùsà ní kékeré, kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n orin. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó bá ti inú òkùnkùn ilẹ̀ kọrin, tàbí tí ó bá gbé lẹ́bàá àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, a máa mọ bí a ti í gbé ohùn sókè.

Ní 1899 ni a kọ́kọ́ kọ orin náà ní gbangba, níbi ìsìn tí a fi Ẹni Ọ̀wọ̀ Boweni joyè àlùfáà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Boer bẹ́ sílẹ̀, kò sì parí títí di oṣù karùn-ún 1902. Orin náà kò kú nínú ogun. Ẹgbẹ́ akọrin Sontonga ń kọ ọ́ ní Johannesburg àti ní ilẹ̀ Natal, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ń gbà á lẹ́nu wọn. Ó fẹ́ Diana Mgqibisa, ọmọ àlùfáà, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọkùnrin kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, ọdún 1905, Enoch Sontonga sùn. Kò tíì tẹ orin kankan jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí orin náà dà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kíní, ọdún 1912, nígbà tí àwọn aṣáájú ènìyàn dúdú péjọ ní Bloemfontein láti dá ẹgbẹ́ tí ó di African National Congress sílẹ̀, orin yìí ni wọ́n kọ lẹ́yìn àdúrà ìparí. Ẹgbẹ́ akọrin Ohlange, ilé-ẹ̀kọ́ tí John Dube dá sílẹ̀, mú un tàn kálẹ̀. Ní 1923 Sol Plaatje kọ ọ́ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London, fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni baba wa, Ẹni Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta, ti kọ orin Yorùbá 43 fún ní 1922. Ní 1925 ẹgbẹ́ Congress fi orin Sontonga ṣe orin ìparí ìpàdé wọn, ní 1927 ni akéwì Samuel Mqhayi sì fi ẹsẹ méje kún un. Tanganyika gba ohùn náà fún orin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1961, Zambia gbà á ní 1964. Ní gbogbo ọdún tí ìjọba ìyapa ẹ̀yà fi wà ní Gúúsù Áfíríkà, orin yìí ni wọ́n ń kọ níbi ìpàdé àti níbi ìsìnkú. Ní 1994 ó di orin ìjọba ilẹ̀ náà, ní 1997 a sì pa á pọ̀ mọ́ orin àtijọ́ tí í ṣe ti àwọn aláwọ̀ funfun, ó di orin kan ní èdè márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí olórin náà dà pẹ̀lú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ àwọn akọrin a máa tọ opó rẹ̀ wá láti yá orin. Opó náà kò sì fi wọ́n dù wọ́n. Ìwé àkọsílẹ̀ náà ń ti ọwọ́ ẹbí kan bọ́ sí ọwọ́ ẹbí kejì, títí ó fi di àwátì. Orin tí ó wà nínú rẹ̀, a kò lè kọ wọ́n mọ́. Ohùn J. J. Ransome-Kuti wà nínú àwo títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ; ṣùgbọ́n ohùn Sontonga, èyí tí ó mú kí àwọn ènìyàn dúró gbọ́, ó bá a lọ sí ibojì.

Ibojì náà ńkọ́? Braamfontein ní Johannesburg ni a sin ín sí, ní apá tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn Kristẹni adúláwọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ náà gba òmìnira tí a sì fẹ́ bọlá fún un, a wá ibojì rẹ̀, a kò rí i. Àwọn tí ń wá a yẹ ìwé ìsìnkú wò lábẹ́ orúkọ Sontonga, kò sí níbẹ̀. Níkẹyìn ni a mọ ohun tí ó fà á: akọ̀wé tí ó kọ orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà kò kọ orúkọ ìdílé rẹ̀. Enoch nìkan ni ó kọ. Olùkọ́ tí ó ti kọ́ àìmọye ọmọ bí a ti í kọ orúkọ wọn ní pípé, ìdajì orúkọ ni a fi sin òun fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1996, Ààrẹ Nelson Mandela ṣí òkúta ìrántí lórí ibojì náà, a sì sọ ọ́ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ni ilé ẹni, orúkọ ni baba ẹni, orúkọ ni ohun tí ó kù nígbà tí ara bá ti padà sí ilẹ̀. Bí akọ̀wé bá gé orúkọ ènìyàn sí méjì, ó ti ya á kúrò lára ìdílé rẹ̀. A kò sọ èyí láti dá akọ̀wé Johannesburg lẹ́bi nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìsìnkú àtijọ́ nínú àwọn ìjọ wa, ẹ ó ti rí i bí a ti kọ Josiah, tí a kọ Dorcas, tí a sì dákẹ́. Josiah ọmọ ta ni? Dorcas ti ilé wo? Orúkọ àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wà lára ògiri, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn tí ó fi owó ńlá tọrẹ wà lára fèrèsé, a kò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà tí ó kọ́ ìyá wa àgbà ní ABD, tí ó fi sol-fa kọ́ àwọn akọrin àkọ́kọ́ ní ohùn mẹ́rin, níbo ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí?

Nítorí náà, àwa bẹ ìjọ ní ohun mẹ́ta, ní orúkọ Ọlọ́run. Èkíní, kí a yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò jókòó ti àwọn àgbà wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí wọ́n bi wọ́n léèrè orúkọ gbogbo tíṣà àti gbogbo atẹdùùrù tí wọ́n rántí, pẹ̀lú orúkọ ìdílé àti ìlú wọn, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ìgbàgbé ni yóò gbé e lọ. Èkejì, kí a kó gbogbo orin tí àwọn ọmọ ìjọ ti ṣe jọ, ìbáà wà nínú àpótí opó kan tàbí lábẹ́ ibùsùn ọmọ òrukàn kan. Kí a dà wọ́n kọ, kí a fi ọ̀kan pamọ́ sí ọwọ́ ìjọ, kí a sì dá ti onílé padà fún un. Nígbà tí T. K. Ekundayo Phillips ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó, láti 1914 títí di 1962, ó fi orin rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, a sì ń jẹ èrè rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo olórin ni ó rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀; ẹni tí kò rí àyè, kí ìjọ bá a ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe dúró dé ọjọ́ ìsìnkú kí a tó tọ́jú àwọn tí ó ń sìn wá lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí atẹdùùrù wa bá ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ìsìn nínú òjò, kí a mọ̀. Bí opó Tíṣà kan bá wà láàárín wa, kí a mọ ohun tí ó jẹ lánàá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nínú Ẹgbẹ́ Akọrin, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Nígbà tí Sontonga ṣe orin yìí, kò ṣe é fún orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ni ó ṣe é fún, ní ìletò kan lẹ́bàá òkìtì iyanrìn tí a kó láti inú kòtò wúrà. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni ó ń ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Àwọn tí ó kó wúrà ìlú náà lọ ti ná an tán. Orin tí a kọ lójú ibẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu Áfíríkà. Nítorí náà ẹ má ṣe fojú kéré ìdánrawò ọjọ́ Ẹtì, tàbí ọmọ kékeré tí ẹ ń kọ́ ní dò-rè-mì. Ẹ kò mọ ibi tí Olúwa yóò rán ohùn náà lọ.

Kí Ọlọ́run tí ó mọ orúkọ wa ní pípé, àní orúkọ àwọn tí ayé kọ ní ìdajì, bùkún ìjọ yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Kí Ó bùkún àwọn olùkọ́ wa àti àwọn olórin wa, ààyè àti òkú. Kí ó sì jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ wa bá péjọ síhìn-ín fún igba ọdún, wọn yóò ṣí ìwé, wọn yóò sì rí ẹni tí wọ́n ń wá.

Àmín.